Ẹ̀tù ọdẹ Epe yàtọ̀ sí ẹ̀tù ẹ̀gbọ́n mi ní Texas: ọ̀rọ̀ práímà àti ọta ìbọn ìléwọ́

Láti ìgbà tí mo ti gbé fídíò ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Texas sórí status WhatsApp mi, àwọn ará Epe ò jẹ́ kí n gbádùn mọ́ o. Fídíò yẹn ò gùn rárá, ẹ̀gbọ́n jókòó sí gáréèjì rẹ̀, ó ń tún ọta ìbọn ìléwọ́ rọ, ó ń da ẹ̀tù tuntun sínú kéèsì onídẹ tó ti yìn tẹ́lẹ̀, ó ń fi ẹ̀rọ tẹ òjé lé e lórí, ló bá di pé gbogbo èèyàn fẹ́ mọ ẹ̀tù tó ń rà, wọ́n fẹ́ mọ nǹkan róbótó tó ń tì sí ìdí kéèsì, práímà nìyẹn, ẹnì kan tiẹ̀ bi mí pé ṣé a ò lè máa ṣe é nílé níbí ni. Mo ní kí n kúkú kọ ọ́ síbí, kí n yéé fi vóìsì nóòtì kan náà ránṣẹ́ kiri.

Ẹni tó bèèrè bóyá a lè ṣe é níbí ni màá kọ́kọ́ dá lóhùn: rárá o, má dán an wò. Òfin Firearms Act tí wọ́n ṣe ní 1959 ṣì wà níbẹ̀ digbí. Ìbọn ìléwọ́ wà lára àwọn tí òfin yẹn kà sí èèwọ̀ fún aráàlú, ìbọn ṣakabùlà táwọn ọdẹ ń gbé náà ní abala tiẹ̀ lọ́tọ̀, òun náà sì fẹ́ ìwé àṣẹ. Kí èèyàn wá jókòó sí yàrá kó máa ṣe ọta, ẹ̀wọ̀n ló ń pè yẹn. Explosives Act ti 1964 sì tún wà fún ọ̀rọ̀ ẹ̀tù. Lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n, ohun tó ń ṣe bófin mu, ṣọ́ọ̀bù ló ti ń ra gbogbo ẹ̀, bó bá sì rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì wọ́n á gba owó gọbọi lórí ẹ̀ nítorí pé ẹrù eléwu ni. Torí náà ìmọ̀ ni mo fẹ́ fún yín, kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́. N ò sì ní kọ iye ẹ̀tù tó ń dà sínú ọta kankan síbí, ẹ máà bi mí.

Ó yá. Ọta kan ṣoṣo, nǹkan mẹ́rin ló para pọ̀ di í. Kéèsì onídẹ wà, òun lèèyàn máa ń ṣà nílẹ̀ lẹ́yìn tó bá yìnbọn tán. Òjé wà, òun gan-an ló ń fò lọ bá ohun téèyàn ń yìn. Ẹ̀tù wà nínú kéèsì. Práímà wà ní ìdí kéèsì, ife irin kékeré báyìí tí fífẹ̀ ẹ̀ ò ju mìlímítà 4 àti ààbọ̀ tàbí 5 àti díẹ̀ lọ. Abẹ́rẹ́ ìbọn á gbá práímà, práímà á ṣáná, iná á gba ihò tó wà nídìí kéèsì wọlé lọ bá ẹ̀tù, ẹ̀tù á di afẹ́fẹ́ gbígbóná, òun ni yóò ti òjé jáde. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kéèsì ló sábà máa ń náni lówó jù, ó sì ṣeé lò lọ́pọ̀ ìgbà, ìdí tí wọ́n fi ń tún un rọ nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n ní torí kóun lè fowó pamọ́ lòun ṣe bẹ̀rẹ̀. Irọ́ gbuu ni jàre, owó tó ń ná ò dín kù, ó kàn ń yìnbọn púpọ̀ sí i ni.

Ìgbà tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí ló wá dùn. Bàbá Ọdẹ la máa ń pè wọ́n, ọ̀nà Erédò ni oko wọn wà, ẹran ìgbẹ́ tí wọ́n bá pa, ọjà Olúwo ló ń lọ. Ìbọn ṣakabùlà ni tiwọn, láti ẹnu ni wọ́n ti ń kì í, inú ìwo màlúù tí wọ́n fi igi dí lẹ́nu ni ẹ̀tù wọn sì ń gbé. Ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n pè wá lórí fídíò, Bàbá rí i tó ń fi síkéèlì kékeré wọn ẹ̀tù, tó ń fi ọwọ́ gbá ṣíbí díẹ̀díẹ̀ kí ẹyọ ẹ̀tù kan, ẹyọ méjì lè já sí i, tó tún ń wo nọ́ńbà lójú ẹ̀rọ, ni Bàbá bá bú sẹ́rìn-ín.

Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé wúrà lò ń wọ̀n ni? Ojú ni mo fi ń wọn tèmi láti ọjọ́ tí wọn ò tíì bí ẹ."

Ẹ̀gbọ́n ní, "Bàbá, ẹ ò jẹ̀bi. Èyí tí ẹ̀yin ń lò, ó lè gba àṣìṣe díẹ̀. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi yìí, tí mo bá fojú wọ̀n ọ́n, ọwọ́ kan ni màá fi dọ̀bálẹ̀ kí yín tí mo bá wálé ọdún."

Bàbá ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ẹ̀gbọ́n ò ṣàwàdà o. Ẹ̀tù dúdú tàwọn ọdẹ wa, èédú àti imí ọjọ́ wà nínú ẹ̀, bí ẹ bá dáná sí i níta tàbí nínú ìbọn, eré tó ń sá ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra wọn, ẹ̀ẹ̀kan náà ni yóò gbiná, bùà, èéfín á bo gbogbo ojú. Ẹ̀tù ayé òde òní tí kì í rú èéfín, nǹkan míì pátápátá ni. Ọmọ Faransé kan tó ń jẹ́ Paul Vieille ló kọ́kọ́ ṣe é yọrí ní 1884, nitrocellulose ni wọ́n ń pe ohun tí wọ́n fi ṣe é, ó sì lágbára ju ẹ̀tù dúdú lọ fíìfíì. Tẹ́ ẹ bá dáná sí i nílẹ̀ gbalasa, jẹ́jẹ́ ni yóò jó, ẹ lè dúró máa wò ó. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá há a mọ́ inú nǹkan, bí agbára tó wà nínú ibẹ̀ ṣe ń ga sí i ni iná náà ń sáré sí i, bó ṣe ń sáré sí i ni agbára yẹn tún ń ga sí i. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé ìwọ̀nba kékeré tó bá lé sí i lè sọ ìbọn di bọ́ǹbù lọ́wọ́ ẹni tó gbé e dání. Ẹni tó bá wá da ẹ̀tù òde òní sínú ṣakabùlà, bí ìwọ̀n tó máa ń da ẹ̀tù dúdú sí i, á fi ojú ẹ̀ tàbí ọwọ́ ẹ̀ sanwó. Mo kọ èyí torí pé ọdẹ ń ka blog yìí, mo sì mọ̀ pé ẹ̀tù tí ò ní orúkọ máa ń rìn kiri nínú ọ̀rá. Ẹ má gbà á, ì báà jẹ́ ọ̀fẹ́.

Ká wá dé orí práímà, torí òun làwọn èèyàn kì í kà sí, òun ló sì wù mí láti sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀ jù. Ẹ̀tù ń jó ni, práímà ní tiẹ̀ ń bú ni, òun gan-an ni ohun abúgbàù tó wà nínú ọta. Ẹ gbé ẹyọ kan sọ́wọ́ kẹ́ ẹ yí i padà, ẹ máa rí ife pẹlẹbẹ kan, ògùn kékeré kan tó ti gbẹ mọ́ ìsàlẹ̀ ẹ̀, irin tẹ́ẹ́rẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan sì dúró lé ògùn náà lórí. Bí abẹ́rẹ́ ìbọn bá ti gbá ẹ̀yìn ife yẹn, ògùn á há sáàárín ife àti irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ló bá ṣáná. Kẹ́míkà tó ń jẹ́ lead styphnate ló pọ̀ nínú ògùn yẹn, májèlé òjé wà nínú ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹ̀gbọ́n kì í fi í jẹun tàbí mumi nídìí tábìlì yẹn, tó bá sì kúrò níbẹ̀ ọṣẹ ló kàn.

Irú práímà onírin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta yìí, Boxer lorúkọ ẹ̀, lára orúkọ ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Edward Boxer, ní 1866. Nínú ọdún yẹn kan náà ni ọmọ Amẹ́ríkà kan, Hiram Berdan, ṣe tiẹ̀. Ti Berdan, irin tí ògùn ń há mọ́ wà lára kéèsì fúnra ẹ̀, ihò méjì kékeré ló sì sábà máa ń wà nídìí ẹ̀, ti Boxer ní ihò kan ṣoṣo láàárín gbùngbùn. Ẹ wá wo bí ayé ṣe rí, Amẹ́ríkà ló gba ti Gẹ̀ẹ́sì, tí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù sì gba ti ọmọ Amẹ́ríkà. Fún ẹni tó ń tún ọta rọ, ti Boxer ni wọ́n ń wá, torí pé wọ́n á kàn ti abẹ́rẹ́ gba inú ihò àárín yẹn, práímà àtijọ́ á já bọ́ nílẹ̀. Ti Berdan, wàhálà ni, ọ̀pọ̀ ló máa ń kó kéèsì ẹ̀ dànù.

Boxer yìí náà kì í ṣe àlejò nílẹ̀ Yorùbá o, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu. Òun ló ṣe ọta ìbọn Snider, Snider yẹn sì wà lára àwọn ìbọn táwọn ọmọ Èkìtì tó wà l'Ékòó rà ránṣẹ́ sílé fún Èkìtìparapọ̀ nígbà ogun Kírìjì, ogun tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 tí wọn ò sì fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà títí di 1886. Ṣakabùlà ni ọ̀pọ̀ ọmọ ogun tó wà lójú ogun yẹn mọ̀. Ẹ ro ó wò ná, ẹnì kan ń da ẹ̀tù, ó ń wá ọ̀pá tó fẹ́ fi kì í, ẹnì kejì ti ki ọta tó ní ẹ̀tù àti práímà nínú sí ìdí ìbọn, ó ti yìn ín, ó ti tún ki òmíràn. Epe tiwa náà rí i, etí omi wa níbí làwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti gòkè ní May 1892 tí wọ́n fi lọ bá Ìjẹ̀bú jà ní Ìmàgbọ̀n, ìbọn Maxim tó ń yọ ọta léraléra wà lọ́wọ́ wọn. Bàbá Ọdẹ mọ ìtàn ìyẹn dáadáa, tí ẹ bá fi ọtí lé e wọ́n á sọ ọ́ dòru.

Ó dáa, práímà wo lèèyàn ń rà? Lára páálí ẹ̀ wọ́n máa kọ Small Pistol, Large Pistol (ti ìbọn ìléwọ́, kékeré àti ńlá), Small Rifle, Large Rifle (ti ìbọn gígùn), wọ́n á sì tún kọ Magnum sára àwọn míì. Ọta 9mm, ti kékeré ló ń gbà. Ọta .45 ACP, ti ńlá ló ń gbà látilẹ̀wá, ṣùgbọ́n àwọn ilé iṣẹ́ kan ti ń ṣe kéèsì ẹ̀ tó ń gba ti kékeré, torí náà ẹni tó ń ṣa kéèsì nílẹ̀ gbọ́dọ̀ la ojú ẹ̀, kó yà wọ́n sọ́tọ̀ kó tó gbé wọn sórí ẹ̀rọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń dojú rú nìyí: Small Pistol àti Small Rifle, fífẹ̀ wọn dọ́gba, wọ́n á wọ ihò kan náà láìsí ìjà. Ṣùgbọ́n irin ti rifle ki ju ti pistol lọ, abẹ́rẹ́ ìbọn tí kò bá le lè gbá a kó má ṣáná, iná ẹ̀ sì tún lè lágbára ju ohun tí ìwé sọ lọ. Ti Large ló tiẹ̀ burú jù, torí ti rifle ga ju ti pistol lọ, bó bá wọ kéèsì ìbọn ìléwọ́, ìdí ẹ̀ á yọ síta, ohun tó bá sì yọ síta nídìí ọta, nǹkan lè gbá a kó ṣáná kó tó àsìkò.

Ti Magnum, iná ẹ̀ gbóná sí i, ó sì pẹ́ sí i díẹ̀. Wọ́n ṣe é torí àwọn ẹ̀tù tó ṣòro láti dáná sí, àwọn tí wọ́n ń dà kún inú kéèsì ńlá bíi ti .357 Magnum àti .44 Magnum. Èèyàn ò kàn lè torí pé òun ni ṣọ́ọ̀bù ní kó fi rọ́pò ti tẹ́lẹ̀, kó sì máa da iye ẹ̀tù tó ń dà tẹ́lẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2020 sí 2021 nìyẹn, nígbà kòrónà, práímà wọ́n ní Amẹ́ríkà bíi kí nìyí, ohun tó jẹ́ nǹkan bí 30 dọ́là fún ẹgbẹ̀rún kan di ohun tí wọ́n ń tà ní 100 dọ́là àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, oníkálukú wá ń ra èyí tó bá rí. Ẹ̀gbọ́n ní òun kúkú fi ìbọn sílẹ̀ lọ pẹja ní àsìkò yẹn. Mo gbóríyìn fún un gan-an, torí mo mọ bí ojú ẹ̀ ṣe máa ń wà lára nǹkan tó bá fẹ́.

Àṣà kan tún wà táwọn tó ń yìn ín máa ń sọ, pé práímà ilé iṣẹ́ Federal rọ̀, pé ti ilé iṣẹ́ CCI le. Tí ẹni tí wọ́n ti tún ìbọn ẹ̀ ṣe kí tírígà ẹ̀ lè fúyẹ́ bá ní abẹ́rẹ́ ìbọn òun ò gbá práímà dáadáa mọ́, èyí tó rọ̀ ni wọ́n máa ní kó lọ rà. Ẹ̀gbọ́n ò sí nínú ìyẹn, ìbọn tiẹ̀ bó ṣe jáde nílé iṣẹ́ náà ló wà.

Ẹ̀tù ńkọ́? Orúkọ pọ̀ lọ jàre, tí ẹ bá dé iwájú páńtákà ṣọ́ọ̀bù wọn ojú á máa ṣú yín. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀ ni eré tí wọ́n ń fi jó. Ìbọn ìléwọ́, ẹnu ẹ̀ kúrú, kéèsì ẹ̀ kéré, ẹ̀tù tó yára ló ń fẹ́, Bullseye tó ti wà láti 1898, Titegroup, HP-38, Unique, irú wọn báyẹn. Ẹ̀tù tó lọ́ra bíi H110, ti ọta Magnum ni, ìwé wọn sì kìlọ̀ pé kéèyàn má ṣe dín in kù lọ títí, torí pé nígbà tí kò bá pọ̀ tó inú kéèsì kò ní jó bó ṣe yẹ. Ṣé ẹ rí i? Níbì kan, púpọ̀ ló ń pani, níbòmíì kékeré náà ń pani. Bí ẹ̀tù bá kéré jù tàbí tí kò sí níbẹ̀ rárá, práímà nìkan á ti òjé débi kan nínú ẹnu ìbọn, á há síbẹ̀, ẹni tó ń yìn ín á gbọ́ pé ìró ẹ̀ rọ̀, tó bá tún fa tírígà lẹ́ẹ̀kejì láìwò ó, òjé kejì á lọ bá tàkọ́kọ́ níbẹ̀, ìbọn á là.

Orúkọ náà tún ní ẹ̀tàn tiẹ̀. HP-38 àti 231, ẹ̀tù kan náà ni, ike ló yàtọ̀. H110 àti 296, kan náà ni. Ṣùgbọ́n H4895 àti IMR 4895 tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ máa jẹ́ orúkọ kan náà, méjèèjì yàtọ̀ síra wọn. Ẹni tó bá ń fi orúkọ ṣe àfojúdíwọ̀n, ó ń wá ìjàngbọ̀n.

Ohun tí ẹ̀gbọ́n fi ń yan ẹ̀tù, kì í ṣe owó, kì í ṣe ariwo YouTube. Ó ní bí ẹ̀tù bá ṣe pọ̀ lójú nínú kéèsì lòun kọ́kọ́ ń wò. Àwọn ẹ̀tù kan wà tí ìwọ̀n wọn kéré débi pé tí èèyàn bá dà á lẹ́ẹ̀mejì sínú kéèsì 9mm kan, kò ní kún, wọ́n á sì fi òjé dé e lórí láìfura, Titegroup wà lára wọn, ọ̀pọ̀ èèyàn ló fẹ́ràn ẹ̀ torí pé kì í jẹ owó. Gíréènì ni wọ́n fi ń wọn ẹ̀tù, pọ́ùn kan sì jẹ́ gíréènì 7,000, ẹ̀tù tí wọ́n bá ń lo díẹ̀ ẹ̀ á pẹ́ kó tó tán, òótọ́ ni. Ẹ̀gbọ́n ní tòun, òun fẹ́ ẹ̀tù tó fẹ̀ nílẹ̀, tó máa gba ju ìlàjì kéèsì lọ, tó fi jẹ́ pé tọ́wọ́ òun bá ṣèèṣì dà á lẹ́ẹ̀mejì á kún akúnwọ́sílẹ̀, á fọ́n sórí tábìlì, òun á sì rí i. Síbẹ̀ náà, ó máa ń to kéèsì àádọ́ta sínú pákó oníhò, gbogbo wọn ẹnu sókè, á tan tọ́ọ̀ṣì, á tẹ̀ ba, á wo inú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, tó bá rí èyí tó ga tàbí tó wálẹ̀ ju àwọn tó yí i ká lọ á dà á padà, á tún un wọ̀n. Rédíò kì í sọ̀rọ̀ ní àkókò yẹn, ìyàwó ẹ̀ náà kì í pè é. Ike ẹ̀tù kan ṣoṣo ló sì ń wà lórí tábìlì, àwọn tó kù á ti wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù.

Ìwé ló ń tẹ̀ lé. Àwọn tó ń ṣe ẹ̀tù ló ń tẹ ìwé yẹn, ẹ̀tù báyìí, òjé báyìí tó wúwo tó báyìí, kéèsì báyìí, práímà báyìí, ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyí, ibi tí wọn ò gbọdọ̀ kọjá nìyí. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá pààrọ̀ ẹyọ kan péré nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ì báà ṣe práímà, wọ́n tún padà sí ìsàlẹ̀ nìyẹn. Èyí gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ mú nínú gbogbo ohun tí mo ti ń rò yìí: kò sí ohun tó ń jẹ́ práímà tó dáa tàbí ẹ̀tù tó dáa ní òun nìkan, àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń yàn, pẹ̀lú òjé tó máa jókòó lé wọn lórí.

Ibi tí wọ́n ń kó wọn sí ló kù. Práímà ò gbọdọ̀ kúrò nínú páálí tó bá wá, torí páálí yẹn ló yà wọ́n síra, ẹni tó bá kó ọgọ́rùn-ún práímà dà sínú ìgò kan ti dá bọ́ǹbù sílẹ̀, bí ọ̀kan bá bú gbogbo wọn á bú. Ẹ̀tù náà, inú ike tí ilé iṣẹ́ fi tà á ni, torí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kó má lágbára, kó lè yára là tí iná bá mú un. Ooru àti ọ̀rinrin ò dáa fún un, tó bá ti ń rùn kíkan tàbí tí eruku pupa ń jáde lára ẹ̀, ó ti bàjẹ́. Bàbá Ọdẹ ní tọ̀rinrin yẹn yé àwọn, pé ẹni tó ń gbé etí ọ̀sà Epe kò nílò kí òyìnbó sọ fún òun. Ẹ̀gbọ́n ní ike kan tí orúkọ ara ẹ̀ ti pa rẹ́, ó tó ìlàjì, kò gbìyànjú láti mọ ohun tó wà nínú ẹ̀, ó fọ́n ọn káàkiri orí koríko ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ní ó ń ṣe bí ajílẹ̀.

Bàbá wá bèèrè iye tí wọ́n ń ta ike kan. Ẹ̀gbọ́n sọ fún wọn ní dọ́là, èmi ṣẹ́ ẹ sí náírà. Wọ́n pòṣé, wọ́n ní ọ̀yà mélòó lèèyàn fẹ́ pa kó tó rí owó yẹn padà, wọ́n dá fóònù padà fún mi, wọ́n ní kí n bá wọn bi í bóyá ó máa rí bàtà ẹsẹ̀ òjò rà fún wọn ní Texas, nọ́ńbà 44.